Yéwándé, Ìyá Bàbá Rẹ̀

Orúkọ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí ọmọbìnrin kò lè jẹ́, àfi bí àgbà obìnrin kan bá ti kọ́kọ́ kú nínú ẹbí. Yétúndé ń bẹ níbẹ̀, Ìyábọ̀ ń bẹ níbẹ̀, Yéjídé náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ń sọ pé ìyá tó lọ ti padà sílé. Ṣùgbọ́n Yéwándé le ju gbogbo wọn lọ, bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó. Ìyá tó padà lè padà nítorí pé ayé wù ú. Ìyá tó wá mi dé, èmi gan-an ló ń wá. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti rẹ̀ tí kò tíì parí.

Yéwándé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Aké ni, l'Abẹ́òkúta. Pamílẹ́rìn bàbá rẹ̀ ló ni kẹ́míìsì tó wà ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí ààfin. Nígbà tí ọkùnrin yìí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọsibítù kan ní Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ó wọkọ̀, ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà. Ó tún wọ òmíràn. Kí ó tó dé Aké, wọ́n ti tẹ́ ìyá sí yàrá, wọ́n ti bò wọ́n. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní títí tí èémí fi tán, orúkọ rẹ̀ ni ìyá ń pè. "Pamílẹ́rìn dà? Ẹ bá mi wò ó lẹ́nu ọ̀nà."

Oyún wà nínú Èyítáyọ̀, ìyàwó rẹ̀, nígbà náà. Nígbà tó bí, tó sì jẹ́ obìnrin, Pamílẹ́rìn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú orúkọ wá. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ní, "Wọn ò rí mi kí wọ́n tó lọ, ni wọ́n bá wá mi dé." Àlùfáà tó ṣe ìsàmì fún ọmọ náà gbìyànjú láti sọ pé ẹ̀kọ́ ìjọ kò fi ara mọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀. Pamílẹ́rìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ó sì lọ kọ Yéwándé sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe ọmọ yìí lọ́mọ mọ́. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀" ni, ọmọ tí ikun ń yọ nímú rẹ̀! Bí ó bá fẹ́ rin ìrìn àjò, á tẹrí ba síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ kàn án lórí. Mojí, àbúrò Pamílẹ́rìn, náà ń kúnlẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ṣe é. Èyítáyọ̀ tó rọbí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà kan tí ọmọ náà da epo sínú gààrí, tí Èyítáyọ̀ sì gbá a létí, gbogbo ilé ló figbe ta pé ó na ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọmọ tó fi ọmú bọ́.

Báyìí ni Yéwándé ṣe dàgbà. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí kò mọ bí ó ṣe ń rí láti jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí yunifásítì ní Alábàtà, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, ó sì rí iṣẹ́ sí itòsí ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bá adìyẹ sàba. Ibẹ̀ ni Olújìmí ti bá a.

Iná lọ lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ kò dá wọn lóhùn. Ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Yéwándé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èédú tó ń jó sínú ìkòkò, wọ́n gbé e wọ yàrá, òógùn bò wọ́n. Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí gbayawu, tí ọkùnrin gíga kan yọrí wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn òròmọdìyẹ tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú dè mí—"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn! Ẹ ò rí i pé ooru ń jáde ni?"

Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń pariwo mọ́ oníbàárà yín ni?"

"Oníbàárà tó bá fẹ́ pa mí lọ́mọ, mo máa ń pariwo mọ́ ọn."

"Ọmọ kẹ̀? Ẹyin ni mo rí o."

Yéwándé na abẹ̀bẹ̀ sí i. "Bí ẹ kò bá ní í jáde, ẹ fẹ́ èédú yìí."

Ó fẹ́ èédú títí iná fi dé. Eérú bo irun rẹ̀. Nígbà tó ń gbé àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ lọ sí Owódé, ó gba nọ́ńbà fóònù Yéwándé, ó ní bóyá nǹkan yóò ṣe wọ́n. Nǹkan sì ń ṣe wọ́n lóòótọ́! Lónìí wọ́n ń sín, lọ́la wọn kò jẹun dáadáa. Yéwándé ń bi í léèrè omi tí wọ́n ń mu, ó ń bi í léèrè ibi tí wọ́n ń sùn, títí ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ nínú fóònù.

"Ẹ má bínú. Kò sí èyí tó sín rí nínú wọn. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹ̀rín pa Yéwándé débi tó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó rí i pé inú òun dùn gan-an, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀.

Wọ́n fẹ́ra fún bí ọdún kan. Jìmí ni ó ń pè é, Wándé ni ọkùnrin náà ń pè é. Nígbà tí Jìmí ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Yéwándé ní kí ó kọ́kọ́ wá rí bàbá òun.

Ọjọ́ Àìkú ló wá, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú Bàbá Pamílẹ́rìn yọ́ sí i. Ó fún un ní àga, ó bi í léèrè oko, ó bi í léèrè ọ̀nà. Èyítáyọ̀ gbé oúnjẹ wá.

"Owódé," ni Bàbá wí. "Mo mọ àwọn èèyàn níbẹ̀ dáadáa. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Akínrẹ̀mí ni mí, sà. Ilé wa ló wà lẹ́yìn ọjà."

Bàbá gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èyítáyọ̀ tó ń bu ọbẹ̀ dúró, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ, ohùn rẹ̀ sì wá láti ibẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ wá."

Yéwándé tẹ̀lé e wọlé. Bàbá rẹ̀ dúró létí fèrèsé.

"Kí lẹ ń ṣe báyìí? Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́ ni?"

"Sọ kí ni, Bàbá?"

Ó wò ó, ó tún un wò. "Ẹ ò rántí?"

Ibí ni kí ẹ ti bá mi bínú sí gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sọ ìtàn náà fún ọmọbìnrin yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ta ni yóò jókòó níwájú àgbà, tí yóò máa ròyìn ọ̀rọ̀ tí àgbà náà fúnra rẹ̀ sọ? Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bàbá rò pé ó wà nínú rẹ̀ níbì kan, pé lọ́jọ́ tí ó bá kan ilé Akínrẹ̀mí, yóò mọ̀. Ìgbà tó sì mú ọmọ wọn wọlé, tó ń rẹ́rìn-ín, ni ó tó yé Bàbá pé kò mọ nǹkan kan.

Ó sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Mojí, àbúrò rẹ̀, ni Akínrẹ̀mí yìí fẹ́ fẹ́ nígbà tí ìyá wọn ṣì wà láyé, bàbá Jìmí gan-an. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Ìyá dáná, wọ́n pe ẹbí, wọ́n pe ìjọ, wọ́n gbé aṣọ tuntun wọ Mojí. Wọ́n ń retí àwọn àna láti òwúrọ̀. Oòrùn là, oòrùn wọ̀, ẹnikẹ́ni kò yọjú láti Owódé. Wọn kò ránṣẹ́, wọn kò bẹ̀bẹ̀, títí di òní. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìròyìn kàn pé ó ti gbé obìnrin mìíràn sílé. Ìyá bọ́ sí ojúde, ó ká gèlè kúrò lórí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi kan kò gbọdọ̀ wọ ilé Akínrẹ̀mí láé. Bí mo bá sì kú, n ó padà wá tún un sọ."

"Ẹ sì padà wá," ni Bàbá wí. Omi wà lójú rẹ̀. "Ṣé kí èmi wá fa ìyá mi lé àwọn èèyàn yẹn lọ́wọ́ ni?"

Ó jáde sí pálọ̀, ó ní kí Jìmí máa lọ sílé, kí ó bá òun kí bàbá rẹ̀. Jìmí wo Yéwándé, Yéwándé sì wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìfẹ́ ti ṣe rí, ẹ rò pé yóò bínú sí bàbá rẹ̀, kí ó sì máa bá Jìmí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó ń to ẹyin síbi iṣẹ́, ó ń rò ó. Kí ló dé tí òun fi pariwo mọ́ Jìmí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun tí kì í pariwo mọ́ oníbàárà? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí ọkọ̀ bá ti ń gba Owódé kọjá, èébì ló máa ń gbé òun? Bí ó bá jẹ́ pé Màmá, ìyá bàbá òun, ló ń sọ̀rọ̀ nínú òun ńkọ́? Èwo ni tòun nínú ọkàn yìí, èwo sì ni tiwọn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù Jìmí máa dún títí yóò fi dákẹ́.

Jìmí wá sí Alábàtà fúnra rẹ̀. Ìta ni wọ́n dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò.

"O kò gbé fóònù."

"Mo mọ̀."

"Wàhálà ń bẹ nílé tiwa náà o. Màmá mi ní àwọn kò gbà. Wọ́n ní ìyá bàbá ẹ kò fẹ́ràn àwọn nígbà tí wọ́n wà láyé, ṣé kí àwọn wá máa kúnlẹ̀ kí wọn ní kíṣìnnì àwọn ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Mo ní Màmá, ọmọdébìnrin lásán ni Wándé. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi."

Yéwándé mú ewé máńgòrò kan nílẹ̀, ó ń fà á ya.

"Wándé, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé ìwọ ni, àbí ìyá bàbá ẹ?"

"Èmi náà ò mọ̀, Jìmí. Mi ò mọ̀ mọ́."

Jìmí tẹjú mọ́ ọn títí. "Èmi mọ ẹni tó na abẹ̀bẹ̀ sí mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bí o bá rí i, sọ fún un pé mò ń dúró dè é." Ó gun ọ̀kadà tó gbé e wá, ó lọ.

Ilé Àǹtí Mojí ni ẹsẹ̀ Yéwándé gbé e lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì; ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sì ti lọ́mọ ọmọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́ọ̀dẹ̀ nígbà tí Yéwándé wọlé. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ọmọ yín."

Mojí wo ojú rẹ̀, ó sì fà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹkún fi tú jáde lára ọmọbìnrin náà. Nígbà tó sunkún tán, ó bi í ní ohun tó wá bi.

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí wọn?"

"Èmi?" Mojí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní í parọ́. Ó tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gba ojúde Aké kọjá fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni bí Bàbá Ràhámátù, bàbá àwọn ọmọ mi, ni mo wá fẹ́. Ọkùnrin tó ń bá mi fọ abọ́! Ṣé kí n tún máa sunkún Akínrẹ̀mí ni? Èmi ni wọ́n já sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi gbé ìbínú rẹ̀ kiri. Kò sì sí ẹni tó bi mí rí."

"Ṣùgbọ́n Màmá ní—"

"Màmá bínú. Ìyá èwo ni kò ní í bínú? Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹnì kan wá ti Owódé, kí ó sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n retí rẹ̀ títí wọ́n fi kú." Ó mú ẹ̀wà kan, ó jù ú nù. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Ọmọkùnrin Ṣàgámù tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ọ ńkọ́? Kí ni Bọ̀dá mi ní ó ṣe?"

"Wọ́n ní ó jìnnà."

"Ṣàgámù jìnnà! Dókítà ti Ìbarà ńkọ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Yéwándé láìròtẹ́lẹ̀. "Wọ́n ní ó ga jù."

"Ṣé o rí i báyìí? Kì í ṣe ti Akínrẹ̀mí, ọmọ mi. Bọ̀dá mi kò ní í fi ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá wa ń lọ, èmi di ọwọ́ wọn mú. Mo sunkún, mo dágbére. Bọ̀dá mi ò sí níbẹ̀ ní tiwọn. Títí di òní, wọn ò tíì dágbére fún ẹnikẹ́ni."

Mojí dìde, ó gbọn ẹ̀wà kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní òun ni yóò ṣe alárinà wọn, ẹni tí kò bá sì dùn mọ́ kí ó wá bá òun jà.

Mojí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Owódé. Ó gba ẹ̀yìn ọjà wọlé bá Akínrẹ̀mí, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí. Ọkùnrin náà rí i, ó sì fẹ́ wọ yàrá sá. Mojí fi ẹ̀rín sọ èyí fún Yéwándé lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Mo ní kí ló ń lé e? Mo ní kí ó wá sọ ohun tó yẹ kó ti sọ fún ìyá mi. Ó ní ta ni òun yóò sọ ọ́ fún, Màmá ti kú. Mo ní wọ́n wà. Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ l'Alábàtà."

"Háà, Àǹtí!"

"Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Bọ̀dá mi ti gbà. Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n má bẹ ìyá òun? Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bọ̀dá mi ní ẹ̀bẹ̀ nìkan ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dárúkọ ìgbéyàwó, àwọn á lé e jáde."

Oorun kò kun Yéwándé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti jẹ́ Màmá, kò sí ẹni tí wọ́n máa bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì wà nílẹ̀ títí láé. Bí ó bá sì gbà láti jẹ́ Màmá, kí ló kù fún Jìmí láti fẹ́?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá fi aṣọ funfun bo àga ńlá ní pálọ̀, ó sì ní kí Yéwándé jókòó síbẹ̀. Òun jókòó sí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyítáyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Mojí mú Akínrẹ̀mí wọlé, Jìmí sì tẹ̀lé wọn. Jìmí kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àgbà ọkùnrin yẹn bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ọmọbìnrin tó yẹ kí ó fi ṣe ọmọ. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Màmá," ni ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Obìnrin mìíràn ti lóyún fún mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo wọ aṣọ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mi ò lè dìde. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, ọjọ́ náà á kọjá. Kò kọjá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ foríjì mí. Mojí, dákun, foríjì mí."

Gbogbo ojú wà lára Yéwándé. Ó wo Àǹtí Mojí, Mojí sì ń nu ojú, ó mi orí sí i.

"Mo gbọ́," ni Yéwándé wí. "Dìde. Ó ti tán."

Kí Akínrẹ̀mí tó nàró, Bàbá Pamílẹ́rìn ti wà lórí ìdúró. "Ẹ ṣeun. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti dárí jì yín. Ẹ kú ìrìn, ẹ máa lọ."

"Bọ̀dá mi," ni Mojí wí.

"Wọ́n ní ó ti tán! Ó tán nìyẹn. Kí ló tún kù?"

"Ẹni tó ní kí ẹ̀jẹ̀ òun má wọ ilé wọn ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́?"

"Mo gbọ́! Ìyá mi kò kúrò níbí." Ohùn rẹ̀ ga ju bí ó ṣe fẹ́ lọ. "Kì í ṣe ti Owódé. Kì í ṣe ti ibì kankan. Wọn ò kúrò níbí mọ́."

Ojú ti Bàbá. Ó ti gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Jìmí yí padà, ó ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Yéwándé dìde lórí àga. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí ó fi dé iwájú bàbá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, níbi tí irun kò ti sí mọ́.

"Pamílẹ́rìn."

Èyítáyọ̀ ké "Yéè!" láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọmọ kankan kò pe bàbá rẹ̀ báyìí rí ní Aké.

"Pamílẹ́rìn, mo mọ̀ pé o wà lọ́nà. Ọkọ̀ ló bà jẹ́, kì í ṣe ìwọ. Mo mọ̀ pé ò ń bọ̀." Ó rọra fi ọwọ́ pa á lórí. "Mo wá ọ, mo rí ọ. Mo sì ti bá ọ gbé títí irun rẹ fi funfun. Ó tó, ọmọ mi. Jẹ́ kí n máa lọ."

Bàbá Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀. Ó gbé orí lé ikùn rẹ̀, ó sun ẹkún tí wọn kò rí i sun nígbà tí wọ́n sin ìyá náà. Kò sí ẹni tó pàrọwà fún un. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá gbé ojú sókè, ó wo ojú Yéwándé bí ẹni tó fẹ́ mọ ọ́n sórí.

"Ṣé ẹ ń lọ báyìí?"

"Mò ń lọ."

"Ó dàárọ̀, Màmá," ni ó wí, ní ọ̀sán gangan. "Ó dìgbóṣe. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Mojí na ọwọ́ sí i, Bàbá dìde. Ó nu ojú, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí bàbá àti ọmọ Owódé tí wọ́n ṣì dúró lójú kan.

"Mo ní ọmọ kan," ni ó wí. "Yéwándé ló ń jẹ́. Bí ẹ bá rí i tó wù yín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọjọ́ tí ẹ máa wá lóòótọ́."

Akínrẹ̀mí tún dọ̀bálẹ̀. Jìmí ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Bàbá yí sí ọmọbìnrin náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Kò rán an níṣẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ta ló ń rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́?

"Wándé," ni ó wí, "lọ bu omi wá fún àwọn àlejò."

"Ẹ ṣé, sà," ni ó wí, ó kúnlẹ̀ fún un, ó sì sáré wọ kíṣìnnì. Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó la apá méjèèjì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí omi náà tó dé.